Ọtí Tí Kì Í Fẹ́ Rìnrìn Àjò

Bíà tí ojú wa mọ̀ nílé, kò gbọdọ̀ rú. Láti ìgbà tí ìgò Star àkọ́kọ́ ti jáde nílé ìpọntí tó wà ní Iganmu, l'Ékòó, lọ́dún 1949, irú bíà tí à ń rí lára pátákó ìpolówó ni èyí tó mọ́ gaara, tí ìfófó funfun lé e lórí, tí ìmọ́lẹ̀ sì ń là á kọjá. Ẹni tó bá tú bíà sí tọ́ńbìlà ní bíà pálọ̀ kan ní Mókọ́lá, tó rí i pé inú rẹ̀ rú, kò ní fẹnu kàn án. Á pe ọmọ tó gbé e wá, á ní kó gbé e padà. Bí ọmọ náà bá fẹ́ jiyàn, ariwo dé nìyẹn. N kò bá a wí. Bíà lager tó bá rú, àfàìmọ̀ ni kò ní jẹ́ pé ó ti bàjẹ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fura sí ife tí agbọ́tí gbé ka iwájú mi nílé ọtí kan ní Burlington, ní ìpínlẹ̀ Vermont, níbi tí Amẹ́ríkà ti ń súnmọ́ ààlà Kánádà. Mo gbé e sókè sí iná, n kò rí ìka ara mi lódìkejì. Àwọ̀ omi ọsàn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ni ó ní. Ìfófó orí rẹ̀ ki, kò sì yára lọ. Ife náà kò tilẹ̀ tóbi: ó níkùn nísàlẹ̀, ọrùn rẹ̀ fún díẹ̀, ẹnu rẹ̀ tún ṣí síta. Lórí pátákó dúdú tó wà lẹ́yìn agbọ́tí, wọ́n fi ẹfun kọ irú ọtí tó jẹ́, hazy double IPA. Wọ́n kọ agbára rẹ̀, ìdá 8 nínú 100. Wọ́n sì kọ orúkọ hops tí wọ́n fi pọn ọ́n, Citra àti Mosaic. Orúkọ tí wọ́n sọ ọtí náà fúnra rẹ̀ jẹ́ àwàdà tí kò lè pa ẹni tí kì í ṣe ọmọ ibẹ̀ lẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ní kí wọ́n gbé fún mi yìí?"

Ẹ̀gbọ́n mi, tó ti pẹ́ ní àgbègbè yẹn débi pé kì í wọ ìbọ̀wọ́ mọ́ tí yìnyín bá ń bọ́, kò dá mi lóhùn tààrà. "Gbóòórùn rẹ̀ ná," ló wí. "Má tíì mu ún."

Mo gbé imú sí i. Ohun tó kọ́kọ́ pàdé mi kì í ṣe bíà rárá, ìyeyè ni. Ẹni tó bá ti gba abẹ́ igi ìyeyè kọjá nígbà òjò, tí èso rẹ̀ ti rẹ̀ sílẹ̀, tí ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn sì ti tẹ̀ ẹ́, á mọ òórùn tí mò ń wí: ó dùn, ó kan díẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ jù. Lẹ́yìn rẹ̀ ni máńgòrò dé. Lẹ́yìn máńgòrò ni èèpo ọsàn tí a fi èékánná họ. Nísàlẹ̀ gbogbo rẹ̀, òórùn ewé tútù kan wà níbẹ̀, tó jẹ́ kí n mọ̀ pé ara ewéko ni gbogbo èyí ti wá. Kò sí èso kankan nínú ọtí náà.

Mo wá mu ún. Ó rọra wọlé. Kò ta mí lẹ́nu bí bíà wa ṣe máa ń ta. Ara rẹ̀ ki, ó ń yọ̀ lórí ahọ́n. Adùn ló ṣíwájú. Mo ń retí ìkorò, mo dúró dè é, mo ti gbé ọtí náà mì kí ó tó dé. Nígbà tó sì dé, ẹ̀yìn ọ̀fun ló gbà wá, ó jókòó síbẹ̀, kò lọ bọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ooru díẹ̀ gba àyà mi sọ̀ kalẹ̀. Ooru yẹn ni ìdá 8 tí wọ́n kọ sára pátákó. Bí kì í bá ṣe òun ni, ahọ́n mi ì bá búra pé omi èso lòun ń mu.

Òdòdó ló ń ṣe gbogbo èyí. Hops jẹ́ ìtàkùn tó ń gun okùn, tí wọ́n ń gbin lọ́pọ̀ yanturu ní àfonífojì Yakima, ní ìpínlẹ̀ Washington. Òdòdó rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ewé, ìpele ìpele ni ó tò lé ara rẹ̀, lẹ́búlẹ́bú yẹ́lò kan sì wà láàárín àwọn ìpele náà, tó máa ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Inú lẹ́búlẹ́bú yẹn ni ìkorò ń gbé, inú rẹ̀ náà ni òróró olóòórùn wà, àwọn méjèèjì kò sì fẹ́ràn ohun kan náà. Ìkorò ń fẹ́ iná. A ní láti se hops pẹ́ nínú omi ọkà tó ń hó, kí áséédì inú rẹ̀ tó yí padà, kó yọ́, kó sì korò. Òórùn ní tirẹ̀ ń sá fún iná. Bí omi náà bá ti ń hó, ooru á gbé e lọ, yàrá ìpọntí á máa ta sánsán, ọtí kò sì ní í ní nǹkan kan nínú.

Àwọn tó ń pọn IPA ní àtijọ́ tẹ̀lé ìkorò. Àwọn tó ń pọn hazy tẹ̀lé òórùn. Wọ́n á pa iná kí wọ́n tó da hops tó pọ̀ jù lọ sí i. Wọ́n á tún da òmíràn sí i nígbà tí omi ọkà ti tutù, tó ti wà nínú àgbá, tí ìwúkàrà ṣì ń jẹ ṣúgà inú rẹ̀ lọ́wọ́. Ìwúkàrà yẹn a máa sọ díẹ̀ lára òróró hops di irú òmíràn, ibẹ̀ sì ni àwọn òórùn èso kan ti ń jáde. Citra àti Mosaic tí wọ́n kọ sí pátákó yẹn, kò sí èyí tó wà lọ́jà kí ọ̀rúndún yìí tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń tọ́ irúgbìn hops ló fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣẹ̀dá wọn, nítorí òórùn ni wọ́n sì ṣe gbajúmọ̀.

Rírú rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìwúkàrà tí kò rọ̀ sísàlẹ̀ ni. Nínú èyí tí wọ́n pọn dáadáa, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Óòtì àti àlìkámà tí wọ́n dà pọ̀ mọ́ ọkà bálì ní èròjà purotéènì lọ́pọ̀lọpọ̀. Purotéènì yẹn á di mọ́ àwọn èròjà kan tó wá láti ara hops, wọ́n á jọ léfòó sínú ọtí láìrọ̀ sílẹ̀, ìmọ́lẹ̀ kò sì ní í rí ọ̀nà kọjá. Àmì ni rírú náà jẹ́. Àmọ́ níbi tí ọjà bá ti ń fẹ́ àmì, a máa ń rí ẹni tí yóò tà á láìsí ohun tí àmì náà dúró fún: àwọn apọntí kan ti da ìyẹ̀fun sínú ìkòkò kí ọtí wọn lè rú. Ojúkòkòrò ni mo ka ìyẹn sí. Ẹni tó fi ìyẹ̀fun mú bíà rú kò yàtọ̀ sí ẹni tó fi àwọ̀ kun epo pupa.

Ẹ̀gbọ́n mi rí i pé mo ti dákẹ́ lórí ife. "Kí lo rò?"

"Ẹmu ni, sà."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé o rí i? Àwọn òyìnbó ibí kò mọ̀ pé a ti ń mu ọtí tó rú tipẹ́."

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ti rírú nìkan ni mò ń wí, kì í sì í ṣe ti adùn, nítorí ẹmu àti ọtí yìí kò jọ lẹ́nu. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni bí àkókò ṣe ń ṣe wọ́n. Ẹmu tí ẹlẹ́mu sọ̀ kalẹ̀ láti orí ọ̀pẹ ní ìdájí dùn, ó funfun, ó ń hó fúnra rẹ̀ nínú akèrègbè. Nígbà tí oòrùn bá fi máa kan àtàrí, ó ti ta. Tó bá di alẹ́, ó ti kan. Kò sí ẹni tó lè dá a dúró. Ẹni tó bá fẹ́ tà á ní ìlú ńlá á bomi là á, á fi ohun tó dùn sí i, á rọ ọ́ sí ṣáágo, á sì máa pè é ní ẹmu. Àwa tí a mọ ẹmu mọ̀ pé bó bá mọ́ jù, ó yẹ ká fura sí omi. A tún mọ̀ pé ẹni tó fẹ́ mu ojúlówó, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni yóò fi rìn dé oko.

Hazy double IPA kò yára bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ọ̀sẹ̀ ni tirẹ̀, kì í ṣe wákàtí. Àmọ́ ìwà kan náà ni. Òróró olóòórùn tí wọ́n fi owó tó tó owó rà yẹn, ọ̀tá rẹ̀ ni atẹ́gùn ọ́síjìn. Bí ìwọ̀n bín-ín-tín bá wọlé, tí ooru tún bá a, máńgòrò á kọ́kọ́ lọ, ìyeyè á tẹ̀ lé e, oyin tó ti pẹ́ á rọ́pò wọn, ní ìkẹyìn á di páálí tí òjò pa. Àwọ̀ rẹ̀ pàápàá á yí kúrò ní yẹ́lò, á di búráwùn, á wá di eérú. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa kan gbé agolo díẹ̀ wá sí Ìbàdàn nígbà kan tó ń bọ̀ wá ṣe Kérésì. Ó ti pẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù kí ó tó rà á, ó wà nínú báàgì, báàgì wà nínú ọkọ̀ òfuurufú, ó tún wà nínú bútù mọ́tò láti Ìkẹjà dé Bódìjà, lọ́jọ́ tí ọ̀nà márosẹ̀ dí. Nígbà tí a máa ṣí i, gbogbo ilé pé jọ. Bàbá wa mu díẹ̀, wọ́n wo ọmọ náà, wọ́n ní, "O ṣé o, ọmọ mi," wọ́n sì ní kí wọ́n bá àwọn gbé Gulder wá.

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ìrìn àjò gan-an ló bí ìdílé tí ọtí náà ti wá. Lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú IPA, Íńdíà ni. Láyé ìgbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣòwò, tí wọ́n sì ń jọba níbẹ̀, ọkọ̀ ojú omi tó bá kúrò ní London gbọ́dọ̀ yí ìsàlẹ̀ Áfíríkà po kó tó dé Calcutta. Ọ̀pọ̀ oṣù ni wọ́n fi ń rìn ín, wọ́n sì ń la ilẹ̀ ooru kọjá lẹ́ẹ̀mejì. Bíà lásán lè kan lójú ọ̀nà. Hops púpọ̀ ni wọ́n fi ń dá a dúró, nítorí ìkorò rẹ̀ kì í jẹ́ kí àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí, tó máa ń mú ọtí kan, rí ààyè. Ilé ìpọntí Hodgson tó wà ní Bow, ní ìlà oòrùn London, kò jìnnà sí ibi tí àwọn ọkọ̀ East India Company ti ń gbẹ́rù, òun ló sì kọ́kọ́ rí towó ṣe nínú òwò náà. Láti àwọn ọdún 1820 lọ, àwọn ará Burton upon Trent, Allsopp àti Bass, gba ọjà náà mọ́ ọn lọ́wọ́.

Omi Burton ló ràn wọ́n lọ́wọ́. Súlífétì pọ̀ nínú rẹ̀, èyí sì máa ń jẹ́ kí ìkorò hops ṣe kedere, kó gbẹ lẹ́nu. Àwọn tó ń pọn hazy lónìí máa ń yí ìyẹn padà: kílóráìdì ni wọ́n ń fi kún omi tiwọn, kí ọtí lè rọ̀ lẹ́nu. Bíà tí wọ́n kó lọ sí Íńdíà mọ́, ó gbẹ, ó korò, oṣù tó lò lórí omi sì ń tún un ṣe ni. Ọmọ ọmọ rẹ̀ rèé tí kò lè ti Vermont dé Ìbàdàn.

Ọ̀nà tó gbà dé Vermont kò gùn láti sọ. Àwọn apọntí kéékèèké ní California ló jí bíà alóòórùn hops dìde ní ìparí àwọn ọdún 1970 àti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Lọ́dún 1994, ní Temecula, Vinnie Cilurzo da hops púpọ̀ sí i ju ti ìṣáájú lọ, ó fi ọkà kún un, agbára ọtí náà ga, double IPA sì bẹ̀rẹ̀. Ti ìwọ̀ oòrùn yẹn korò gan-an. Àwọn kan ṣì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń fi àwa tí à ń mu omi ọsàn ṣe yẹ̀yẹ́.

Ti ìlà oòrùn ni mo fẹ́ dúró lé lórí. Burlington tí a jókòó sí yìí ni Greg Noonan ti ṣí Vermont Pub & Brewery lọ́dún 1988. John Kimmich ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni ó sì ti gba ìwúkàrà kan tó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irú èyí tó máa ń mú òórùn èso jáde. Lọ́dún 2003, Kimmich àti Jennifer ìyàwó rẹ̀ ṣí ilé ọtí tiwọn, The Alchemist, ní Waterbury, ìlú kékeré kan tí mọ́tò fi nǹkan bí ìdajì wákàtí dé láti Burlington. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó pọn double IPA kan tí ó sọ ní Heady Topper, ìdá 8 nínú 100. Kò sẹ́ ẹ. Ó jẹ́ kí ó rú bó ṣe rú.

Ẹnu ẹ̀rọ, nínú ilé ọtí yẹn, ni wọ́n ti ń tú u. Kimmich fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ fáyé gbọ́ pé àwọn oníbàárà a máa yọ́ gbé ife wọn lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, wọ́n á rọ ọtí náà sínú ìgò níbẹ̀, wọ́n á sì gbé e lọ sílé. Èyí wà lára ohun tó jẹ́ kí tọkọtaya náà ronú ilé iṣẹ́ alágolo. Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ́ ọ tán nígbà tí ìjì Irene dé. Ní ọjọ́ 28, oṣù Ògún, ọdún 2011, odò kún, ó ya wọ Waterbury, ó gba inú ilé ọtí náà, yàrá ìpọntí tó wà nísàlẹ̀ sì bá omi lọ. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni agolo àkọ́kọ́ jáde nínú ilé iṣẹ́ tuntun. Bí ọtí tí wọ́n ń wá ní ilé kan ṣoṣo ṣe di ohun tí àwọn ènìyàn ń wakọ̀ la ìpínlẹ̀ kọjá láti wá tò fún nìyẹn.

Wọ́n kọ ọ́ sára agolo náà pé kí a mu ún látinú agolo. Ìdí wà níbẹ̀: bí a bá dà á sí ife, òórùn àti gáàsì á bẹ̀rẹ̀ sí í fò lọ. Pẹ̀lú gbogbo ọ̀wọ̀ tó yẹ ọkùnrin yẹn, èmi kò gbà. Ẹnu agolo kò gba imú. Ọtí tí wọ́n fi gbogbo làálàá yìí pọn nítorí òórùn, kí ni mo fẹ́ fi bò ó mọ́lẹ̀ fún? Ẹnu ẹ̀rọ ni mo fẹ́, àti ife tí ó ní ikùn.

Ẹnu ẹ̀rọ náà kò ṣe é gbójú lé bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ògiri ilé ọtí ni yàrá tútù wà, nǹkan bí ìwọ̀n 3 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì. Inú ibẹ̀ ni àgbá irin wà. Ti ọtí líle bí èyí kì í sábà tóbi, ọ̀pọ̀ jẹ́ èyí tó gba lítà 19 àti ààbọ̀, kó lè tán kíákíá. Gáàsì kábónì ló ń tì í gba inú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ wá sí ẹnu ẹ̀rọ, kí ọ́síjìn má baà fara kàn án. Rọ́bà yẹn ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹgbẹ́ àwọn apọntí Amẹ́ríkà, Brewers Association, ní kí wọ́n máa fi oògùn fọ̀ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Ilé ọtí tí kò bá fọ̀ ọ́, bíà tó mọ́ á gba òórùn ọtí kíkan tàbí ti bọ́tà tó ti sì. Mo ti mu irú rẹ̀ ní ìlú mìíràn, nílé ọtí kan tí n kò ní dárúkọ. Ife náà dé, àwọ̀ eérú, kò ní ìfófó. Mo béèrè ìgbà tí wọ́n ti ṣí àgbá yẹn. Ọmọkùnrin náà wo ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ wo òkè àjà.

Ní Burlington, agbọ́tí kò dúró kí n béèrè. Òun ló sọ fún wa pé àná ni àgbá náà dé, pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọtí náà ti kúrò nínú ìkòkò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn dára. Títun pàápàá ní àléébù tirẹ̀, èyí tí ẹmu kò ní: bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ hazy double sínú àgbá lánàá, ìdọ̀tí hops tó ṣì wà nínú rẹ̀ a máa họ ọ̀fun, á máa jó ni bí ẹni jẹ atalẹ̀ tútù. Ó ń fẹ́ ọjọ́ díẹ̀ nínú òtútù láti fara balẹ̀. Lẹ́yìn náà ni adùn rẹ̀ á tó pé, lẹ́yìn ìyẹn kò sí ibi tí yóò lọ àfi ìsàlẹ̀.

A pẹ́ lórí ife náà. Bí ó ṣe ń gbóná díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ mi ni ó ń ṣí, ìyeyè padà sẹ́yìn, nǹkan mìíràn yọjú. Mo fura, mo tún gbóòórùn. Àlùbọ́sà ni, àlùbọ́sà eléwé. Mosaic a máa ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà míì, ó sì wà lára ohun tí àwọn kan kò fi fẹ́ ẹ. Kò bí mi nínú. Ìlà ìfófó ti lẹ̀ mọ́ ara ife ní òrùka òrùka, ìlà kan fún ìgbà kọ̀ọ̀kan tí mo gbé e sẹ́nu, èyí tí wọ́n ní ó jẹ́ ẹ̀rí pé wọ́n fọ ife náà dáadáa, kò sí òróró lára rẹ̀.

Owó rẹ̀ jẹ́ dọ́là 9, yàtọ̀ sí owó ìdúpẹ́ tí òfin kò kọ sílẹ̀ ṣùgbọ́n tí ojú ń béèrè. Ó wọ́n. Mo sì mọ ìdí tó fi wọ́n, nítorí hops tí wọ́n dà sí i pọ̀, díẹ̀ lára ọtí náà á sì rin mọ́ ìdọ̀tí hops, wọ́n á dà á nù.

Ohun tí mo fẹ́ kìlọ̀ lé lórí ni agbára rẹ̀. Ìgò ńlá bíà tiwa gba sẹ̀ǹtílítà 60, agbára rẹ̀ sì wà ní nǹkan bí ìdá 5. Ọtí gidi tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí mìlílítà 30. Ife ńlá ti Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní páìntì, gba nǹkan bí sẹ̀ǹtílítà 47. Bí ọtí onídàá 8 bá kún un, ó ti di mìlílítà 38. Ife kan ju ìgò ńlá kan lọ nìyẹn, kò sì sí ìkorò tàbí ìtani tí yóò sọ fún ni pé kí a rọra. Ìdí tí wọ́n fi ń tà á nínú ife kékeré nìyẹn, ìdí sì nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n mi kò fi jẹ́ kí n béèrè èkejì kí oúnjẹ tó dé. "Ọtí tó dùn ló ń pa àgbàlagbà," ló wí. Bọ́ọ̀sì la wọ̀ padà sílé. Ìdajì ẹbí wa kì í fẹnu kan ọtí rárá, àwọn kan nítorí mọ́sáláṣí, àwọn kan nítorí ìjọ, n kò sì kọ èyí láti fa ẹnikẹ́ni wọ inú rẹ̀.

Lọ́dún 2018, Brewers Association fi hazy, àti double rẹ̀, sínú ìwé tí wọ́n fi ń díwọ̀n irú bíà. Ó ti di ohun gbogbo ayé, wọ́n ń pọn ọ́n ní London, wọ́n ń pọn ọ́n ní São Paulo. Ẹ̀gbọ́n mi béèrè bóyá a lè pọn ọ́n nílé. Hops kò lè ṣe dáadáa lórí ilẹ̀ wa, nítorí ó ń fẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ojúmọmọ rẹ̀ gùn gan-an, irú èyí tó wà lọ́hùn-ún ní àríwá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba fòfin de kíkó ọkà bálì wọlé lọ́dún 1988, ọkà bàbà ni àwọn ilé ìpọntí wa yí sí, bíà kò sì tán lọ́jà. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ wa ti fi orógbó àti ewúro dán an wò dípò hops, ìkorò wà nínú méjèèjì. Òórùn ni kò sí. A lè kó hops wọlé nínú òtútù, nítorí gbígbẹ ni, ó sì rọrùn láti gbé ju ọtí lọ. Iná mànàmáná tí kò ní lọ, àti àgbá tí kò ní dúró nínú oòrùn ní Ọjọ́ta, ni iṣẹ́ tó kù.

Ẹni tó bá fẹ́ kí a mọ ọtí yìí nílé, kó wá pọn ọ́n nílé, kó sì tà á nítòsí ibi tó ti pọn ọ́n. Kó má gbé e sínú báàgì fún wa mọ́. Ẹ̀yin tí ọ̀nà bá sì gbé dé ibi tí wọ́n ti ń tú u láti ẹnu ẹ̀rọ, ẹ kọ́kọ́ jẹun, ẹ gba ife kékeré, kí ẹ sì béèrè ọjọ́ tí wọ́n pọn ọ́n àti ọjọ́ tí wọ́n ṣí àgbá náà. Bó bá ti lé ní oṣù méjì, tàbí tí agbọ́tí bá wo òkè àjà, ẹ mu lager.